Ẹ̀yin àgbà bọ́ọ̀lù, ṣé òótọ́ ni pé mínísítà owó kan ní Jámánì ló tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Stuttgart?

OmoTakie

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ọmọ ajílété nílé lóko. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ kéréètì mínírà kan ló wà nílẹ̀ yìí. Lálẹ́ àná, níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀, a kàn jókòó sínú òkùnkùn a ń sọ̀rọ̀ Shooting, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ìbàdàn, pé nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ yẹn ni nǹkan rẹ̀ ò fi dúró sójú kan, gómìnà tuntun dé, alága tuntun dé. Èmi wá fẹnu mi sọ pé òṣèlú àti bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ gbọdọ̀ bára wọn tan rárá, pé ẹ wo àwọn òyìnbó, ṣé ẹ rí olóṣèlú kankan nínú tiwọn ni?

Bàbá kan wà nídìí ògiri tó ń fọ́ ẹ̀pà jẹ láti ìgbà tó ti dé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Òun ló bá ní "ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ọkùnrin kan wà ní Jámánì tó ń ṣọ́ owó ìpínlẹ̀ rẹ̀, bíi kọmíṣọ́nà owó tiwa níbí, òun náà ni alága Stuttgart, ọdún 25 gbáko, kò sì sẹ́ni tó lé e." Ha, ariwo wá sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ gbuu ni, pé tó bá jẹ́ òótọ́ òun á ra kéréètì mínírà kan. Bàbá ní kó lọ mú owó náà wá. Ó mú un wá lóòótọ́, ọwọ́ ẹni tó ni ilé bọ́ọ̀lù ló wà títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Mo gbé e sí Google, àmọ́ Jámánì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó gbé wá, mi ò gbọ́ ọ. Ẹ dákun ta ni ọkùnrin yìí, báwo ló ṣe rí i ṣe, ṣé àwọn kọmíṣọ́nà owó tiwọn náà máa ń lọ jókòó ní Abuja tiwọn loṣooṣù kí wọ́n tó rówó gbà ni àbí báwo? Ẹ sọ ọ́ kó yé mi, torí èmi gan-an ni wọ́n fi ṣe adájọ́.

tisa_feyinti

Ọmọ mi, bàbá ẹlẹ́pà ò parọ́, ó kàn bu iyọ̀ díẹ̀ sí i ni.

Gerhard Mayer-Vorfelder lorúkọ ọkùnrin náà. Orúkọ yẹn gùn débi pé àwọn ará Jámánì fúnra wọn ò lè máa pè é tán, MV ni wọ́n ń pè é. Mannheim ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1933, ó kọ́ iṣẹ́ lọ́ọ̀yà, ó wọ iṣẹ́ ìjọba, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú CDU, ẹgbẹ́ àwọn tí ò fẹ́ kí nǹkan tí wọ́n bá nílẹ̀ yí padà bọ̀ọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni Baden-Württemberg, Stuttgart ni olú ìlú ibẹ̀, ibẹ̀ náà ni ilé Mercedes àti Porsche àti Bosch, nítorí náà kì í ṣe ìpínlẹ̀ tálákà o.

Ọdún 1975 ló di ààrẹ VfB Stuttgart, ọdún 2000 ló fi í sílẹ̀. Ọdún 25 yẹn pé dáadáa. Níbi tí bàbá ti bu iyọ̀ sí i ni pé kì í ṣe gbogbo ọdún 25 yẹn ló fi ṣọ́ owó ìpínlẹ̀. Láti 1980 dé 1991, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni, ní 1991 ni wọ́n wá gbé àpò owó lé e lọ́wọ́, ó sì wà níbẹ̀ dé 1998. Ẹ rántí pé mínísítà ni wọ́n ń pe àwọn kọmíṣọ́nà ìpínlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, ọdún 18 ló fi jẹ́ mínísítà tó tún ń ṣe ààrẹ kílọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n owó ìlú, ọdún 7 péré ni. Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹ fún bàbá ní kéréètì yẹn, kí ẹ yọ ìgò bíi mélòó kan sílẹ̀ nítorí iyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ sí i torí àsìkò mi ni. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, NTA máa ń fi bọ́ọ̀lù Jámánì hàn wá, ibẹ̀ ni mo ti mọ Stuttgart pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí ìlà pupa kan gba àyà rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ ọkùnrin yìí ni wọ́n gba líìgì ní 1984, tí wọ́n tún gbà á ní 1992. Ní 1989 wọ́n bá Napoli Maradona ṣe fáínàlì UEFA Cup, Napoli lù wọ́n 2-1 nílé, wọ́n wá ta 3-3 ní Stuttgart, ife lọ. Klinsmann wà nínú wọn nígbà náà. Ní 1997 wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Jámánì, Elber ló gbá góòlù méjèèjì. Ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún dé fáínàlì Cup Winners' Cup pẹ̀lú Chelsea ní Stockholm, ọmọ wa Jonathan Akpoborie sì wà ní Stuttgart lásìkò yẹn, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀tá bọ́ọ̀lù ni iná ilé mi o. Òdo sí òdo ni wọ́n wà nígbà tí iná lọ, mo sáré gbé rédíò, mo ń wá bátìrì kiri nínú dúrọ́ọ̀, kí n tó rí i, Zola ti Chelsea ti wọlé, kò tiẹ̀ tíì pé ìṣẹ́jú kan tó wọlé, ó ti gbá a sínú àwọ̀n. Ó parí síbẹ̀, 1-0.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn sí. Ta ni kóòṣì Stuttgart lọ́dún yẹn? Joachim Löw ni o. Löw kan náà tí ẹ mọ̀, tó padà wá kọ́ Jámánì. MV ní kó máa lọ lẹ́yìn sáà yẹn, ó gbé Winfried Schäfer wá dípò. Schäfer ò pé ọdún kan tí wọ́n fi lé òun náà. Schäfer yìí ló wá mú Cameroon gba ife Áfíríkà ní 2002 ní Mali, ẹ ò rí i pé ayé ò fẹ̀.

adamasingba_92

Bàbá Tíṣà ẹ kú làákàyè, àmọ́ ẹ fo èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ kọjá. 1992 tí Stuttgart gba líìgì yẹn, ọdún yẹn náà ni Shooting tiwa gba CAF Cup àkọ́kọ́, a lu Villa ti Uganda, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wa láéláé. Líìgì tiwọn, ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n gbà á, Buchwald fi orí kàn án wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin kí eré parí.

Wọ́n wá lọ Champions League, wọ́n bá Leeds pàdé. Wọ́n lu Leeds 3-0 ní Stuttgart. Ní Leeds, Leeds lù wọ́n 4-1, ó di 4-4, góòlù tí Stuttgart gbá lóde ló yẹ kó gbé wọn kọjá. Àfi ìgbà tí ẹnìkan lọ ka àjèjì tó wà nínú pápá. Òfin ìgbà yẹn, àjèjì mẹ́ta péré. Daum tó jẹ́ kóòṣì wọn ti ju ẹnì kẹrin sínú pápá! UEFA fún Leeds ní 3-0 lọ́fẹ̀ẹ́, ó di pé kí wọ́n lọ ta á lẹ́ẹ̀kan sí i ní Barcelona, Leeds na wọ́n 2-1, wọ́n gbé báàgì wọn.

Ẹ ro ó wò ná. Mínísítà owó ni ààrẹ kílọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ka owó odidi ìpínlẹ̀. Ilé rẹ̀ ò lè kà dé mẹ́ta.

OmoTakie

Adamasingba o ti pa mí 😂😂 mo ti ń ka èyí sókè fún wọn níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó fi owó sílẹ̀ ń jiyàn, ó ní tiwa náà ní irú ẹ̀ kẹ̀, pé ṣebí olóṣèlú ni Lekan Salami tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá Adámásingbà, òun náà ló darí Shooting nígbà ayé rẹ̀, Shooting sì dáa. Ó ní kí ni aburú níbẹ̀?

iya_kaju

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù, ọmọ mi ló fi èyí hàn mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ àpò méjì lọ́wọ́ ẹnìkan, ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Kajú ni mò ń tà, èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú owó ẹgbẹ́ àwa tí a ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà Òkò lọ́hùn-ún, èmi náà ni mo tún ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé méjì, aláwọ̀ búlúù ti kajú, aláwọ̀ pupa ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀tọ̀ ni àpò kálukú, mo so okùn mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹta ọdún kan, kajú pọ̀ lọ́jà bí ilẹ̀, àgbẹ̀ ò gba tíránsífà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́, àpò búlúù sì ti gbẹ. Ẹni tó máa wá gbé ọjà náà ní Èkó ti ní ọ̀la lòun ń bọ̀. Mo wo àpò pupa. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló wá yá a lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni ǹ bá bi í pé kí lo fẹ́ fi ṣe, ta ni onídùúró rẹ, ǹ bá sì ní kó máa lọ ilé. Èmi gan-an ni mò ń yá a lọ́wọ́ ara mi, ta ló máa bi mí léèrè? Mo kó o. Ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ mọ́kànlá. Mi ò lè jókòó dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìyáàfin bá ti yẹ ọ̀rọ̀ wò díẹ̀ ẹ̀rù á bà mí pé owó ni wọ́n fẹ́ béèrè. Ó bọ́ sí i o, mo dá gbogbo ẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìwé pupa fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà nígbà tí Bàbá Tíṣà ń sọ̀rọ̀ ife, ohun tí mo ń dúró dè ni ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ gbèsè. Ọmọ mi bá mi wò ó. Ó ní nígbà tí ọkùnrin yẹn fi máa kúrò ní 2000, gbèsè ńlá ló wà lọ́rùn kílọ́ọ̀bù. Ṣé ẹ rí i? Ẹ má bú u pé olè ni, n ò sọ bẹ́ẹ̀, n ò sì gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n owó kan náà ló gbé lọ síbi méjèèjì. Níbi iṣẹ́ ìjọba, kò lè ná kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé ó gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ síwájú ilé aṣòfin, àwọn alátakò á máa fi ìka tọ́ ọ lójú, àwọn tó ń yẹ ìwé wò á wá, àwọn akọ̀wé ìròyìn á kọ ọ́. Ní kílọ́ọ̀bù ńkọ́? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ife ló ń dìbò fún un. Wọ́n rí ife ní 1984, wọ́n dìbò fún un. Ó mú Balakov àti Elber wá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ló máa dìde láàárín àwọn tó ń jó pé ẹ jọ̀ọ́, èló la fi ra agbábọ́ọ̀lù yìí?

Lekan Salami tí ẹ̀ ń sọ, mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ owó tirẹ̀ àti owó ìjọba, kò sí ẹni tó ní kó ṣọ́ méjèèjì pọ̀. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

akawe_agodi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin iya_kaju, ẹ ti kàn án ní orí. Mo fẹ́ dáhùn ti Abuja tí OmoTakie béèrè torí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, èmi ni mò ń gbé fáìlì.

Níbí, owó tó ń ti Abuja wá ni ìpínlẹ̀ ń wò lójú. Loṣooṣù ni àwọn kọmíṣọ́nà owó máa ń lọ sí ìpàdé FAAC, wọ́n á pín owó epo àti VAT àti àwọn yòókù, kálukú á gbé tirẹ̀ lọ. Ó wà pé PAYE, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù ẹni tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, ti ìjọba Ọ̀yọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí ìyẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń ti Abuja wá.

Ti Jámánì yí orí kodò. Àwọn ìpínlẹ̀ 16 ni wọ́n ni, àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí gan-an ló ni ọ́fíìsì owó orí. Wọ́n á gba owó orí tán lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pín in: nínú owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ àwọn èèyàn, 42.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba àpapọ̀, 42.5 fún ìpínlẹ̀, 15 tó kù fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà mínísítà owó ìpínlẹ̀ ní Jámánì kì í ṣe ẹni tó ń na ọwọ́ ní Abuja, òun ni ọ̀gá àwọn agbowó orí. Ẹ wá fi ìyẹn lé orí ti iya_kaju: ọ́fíìsì tí kílọ́ọ̀bù ń san owó orí fún, abẹ́ mínísítà náà ló wà, mínísítà náà sì ni ààrẹ kílọ́ọ̀bù. N ò ní ó ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ẹ fi ara yín sí ipò akọ̀wé kékeré inú ọ́fíìsì yẹn tí fáìlì Stuttgart dé orí tábìlì rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn tí wọ́n jáwé olúborí. Èmi tí mo ń gbé fáìlì, mo mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń gbọ̀n.

Òmíràn ni pé nígbà yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ tó lówó gbọ́dọ̀ fi owó ran àwọn tálákà lọ́wọ́. Baden-Württemberg wà lára àwọn tó ń san án ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn tí Jámánì méjèèjì pa pọ̀ ní 1990, tí àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn wọ inú ètò náà ní 1995, ẹrù yẹn wá wúwo, Baden-Württemberg àti Bavaria gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù tó ga jù lórí òfin ìlú ní 1998. Kóòtù yẹn ní 1999 ní kí wọ́n lọ tún òfin náà ṣe. Ẹ rántí bí Rivers ṣe gbé ọ̀rọ̀ VAT lọ kóòtù, tí Èkó náà tẹ̀ lé e? Ọ̀rọ̀ náà jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tó ń pawó kì í fẹ́ kí wọ́n pín in, kò sí bí wọ́n ṣe lè máa sọ èdè Jámánì tó.

adamasingba_92

Akawe gbé fáìlì tán, ó dé Jámánì 😂. Bàbá Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa kọ́ orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fi sílẹ̀? Mo rí i níbì kan.

tisa_feyinti

Òótọ́ ni. Orin orílẹ̀-èdè wọn ní ẹsẹ mẹ́ta, ẹsẹ kẹta nìkan ni wọ́n ń kọ lónìí, torí ẹsẹ àkọ́kọ́ ni àwọn Nazi fi ṣe orin tiwọn, kò sì dùn létí mọ́. Nígbà tó ṣì jẹ́ mínísítà ilé ìwé ló ní kí àwọn ọmọ mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwọ náà mọ bí àwọn tíṣà ṣe máa gbà á. Àwa náà tí wọ́n dá tiwa padà sí ti àtijọ́ ní 2024, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń kọ ọ́, èmi ni mo ń kọ́ wọn, nítorí èmi ló mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ fi kan kún ti iya_kaju, torí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé gbèsè nìkan ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀. Ní 2001 wọ́n fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù gbogbo Jámánì, DFB. Ọdún kejì wọ́n dé fáínàlì World Cup, wọ́n lu Cameroon 2-0 lójú ọ̀nà, Cameroon tí Schäfer tó lé lọ́jọ́sí ń kọ́! Brazil ló wá lù wọ́n ní Yokohama. Àmọ́ ohun tí àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ń yìn ín fún kì í ṣe ìyẹn. Bọ́ọ̀lù wọn ti dojú bolẹ̀ ní Euro 2000, wọn ò sì ní ọmọdé tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lákòókò rẹ̀ ni DFB tan ibi ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọmọdé ká gbogbo Jámánì, ó lé ní 300, kí ọmọ tó wà ní abúlé má baà jẹ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n tún ní kí gbogbo kílọ́ọ̀bù ńlá ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn. Láti 2004 ni wọ́n ti fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zwanziger ṣe ààrẹ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ wà nípò títí di 2006, MV kúrò lẹ́yìn World Cup tí wọ́n gbà lálejò. Ìgbà yẹn ló di ti Löw láti máa kọ́ Jámánì.

OmoTakie

Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn lónìí. Ìdájọ́ wa nìyí: bàbá ẹlẹ́pà gba ìgò 17, ìgò 7 tó kù di ti ọ̀rẹ́ mi nítorí ọdún 7 tí Bàbá Tíṣà sọ, ìṣirò yẹn ò bá ibì kankan mu àmọ́ gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí i. Bàbá gba tirẹ̀, kò mu ọ̀kankan, ó pín in fún àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀pà. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn, ó ní ṣé ọkùnrin yẹn wà láyé nígbà tí Löw gba World Cup?

tisa_feyinti

Sọ fún un pé ó wà láyé. 2014 ni Löw gbé ife náà ní Brazil, oṣù Kẹjọ ọdún 2015 ni MV kú ní Stuttgart, ọmọ ọdún 82. Ọdún kan ó lé díẹ̀ ló fi rí i.